ÌSINMI PẸ̀LÚ JẸ́ IṢẸ́: Ẹ̀kọ́ Lórí Eré Ìdárayá Tí A Fi Aago Pín



Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbò tí ó tàdí mẹ́yìn, agbára ni ó lọ mú wá. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa; láti kékeré ni a ti ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín pé èmi kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ títí di ọjọ́ kan tí mo dúró lórí pápá pẹ̀lú fèrè lẹ́nu, tí mo sì fi àìmọ̀ mi pọ́n ọmọ ọlọ́mọ lójú. Nítorí ọjọ́ náà ni mo ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tí yóò jáde lọ ṣe olùkọ́ má baà tún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà rí báyìí. Nígbà tí a rán wa jáde lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, wọ́n fún mi ní kíláàsì kan tí ó ní ọmọ 40. Ní ọjọ́ tí eré ìdárayá kàn mí, mo pàṣẹ pé kí gbogbo wọn sá yí pápá ká ní ìgbà 8 láìdúró. Mo rò nínú ara mi pé bí wọ́n bá ti sáré pẹ́ tó ni ara wọn yóò ti le tó. Ní ìyípo kejì, àwọn alágbára ti fi àwọn yòókù sílẹ̀. Ní ìyípo kẹrin, ó ju ìdajì wọn lọ tí ó ń rìn, tí wọ́n fi ọwọ́ di ìhà mú. Nígbà tí yóò fi di ìyípo karùn-ún, ọmọkùnrin kékeré kan ti jókòó sí abẹ́ igi máńgòrò, ó di orúnkún rẹ̀ mú, kò sì lè sọ̀rọ̀. Mo pè é ní ọ̀lẹ níṣojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà kò dáhùn. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó fi ìbẹ̀rù sọ fún mi pé, "Ẹ jọ̀wọ́, Tíṣà, ara rẹ̀ ni kò dá. Gbogbo wa ni a mọ̀." Àìsàn tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní fòníkú-fọ̀la-dìde ni ó wà lára ọmọ náà.

Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi wá sí ilé-ìwé, ní ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà oorun kò sì kùn mí bí ó ti yẹ. Olùkọ́ àgbà kan tí ó wà níbẹ̀ pè mí sí kọ̀rọ̀. Kò bínú sí mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí: "Ọmọ mi, mo rí i pé o ka iye ìyípo tí wọ́n sá. Ta ni ó ka ìsinmi wọn?" Èmi kò ní èsì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá èsì ìbéèrè yìí, ohun tí mo sì rí ni mo gbé kalẹ̀ níwájú yín lónìí.

I. KÍ NI ERÉ ÌDÁRAYÁ TÍ A FI AAGO PÍN?

Ẹ jẹ́ kí a wo àgbẹ̀ méjì tí wọ́n ń kọ ebè. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí, kò dúró títí ọwọ́ rẹ̀ fi wúwo, ebè tí ó kọ kẹ́yìn kò sì dà bí ti àkọ́kọ́ mọ́. Èkejì kọ ogún, ó nà ró, ó fi ọkọ́ ti ilẹ̀, ó mu omi, ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí, oko èkejì ni ènìyàn yóò fẹ́ láti wò, nítorí ebè rẹ̀ pọ̀, ó sì dọ́gba. Ohun tí àgbẹ̀ kejì yìí fi òye ṣe ni a fẹ́ fi aago ṣe lórí pápá. A ó pín iṣẹ́ líle sí wẹ́wẹ́, a ó sì fi ìsinmi tí a ti wọ̀n sí àárín wọn.

Ohun márùn-ún ni olùkọ́ ní láti pinnu kí ó tó fọn fèrè rẹ̀. Èkíní, bí iṣẹ́ náà yóò ti pẹ́ tó ní ẹ̀ẹ̀kan. Èkejì, bí yóò ti le tó. Ẹ̀kẹta, bí ìsinmi yóò ti pẹ́ tó. Ẹ̀kẹrin, ohun tí àwọn ọmọ yóò ṣe nínú ìsinmi náà, yálà kí wọn rìn, tàbí kí wọn dúró, tàbí kí wọn jókòó. Ẹ̀karùn-ún, iye ìgbà tí a ó tún un ṣe. Ní ọjọ́ tí mo ṣìṣe, ẹyọ kan péré nínú márùn-ún yìí ni mo rò, èyí nì ni iye ìgbà. Àwọn mẹ́rin yòókù, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún oòrùn àti fún orí olúkúlùkù.

II. ÌDÍ TÍ ÌSINMI FI Ń SỌ ARA DI ALÁGBÁRA

Agbára tí ẹran ara wa ń ná dà bí owó tí ó ti ibi mẹ́ta wá. Àkọ́kọ́ ni owó àpò. Ó wà nítòsí, a lè yọ ọ́ lójú kan náà, ṣùgbọ́n kì í pọ̀. Bí ènìyàn bá fi gbogbo agbára rẹ̀ sáré, owó àpò yìí kò lè gbé e ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ. Èkejì ni owó èlé, èyí tí a yá. Òun náà tètè ń dé, ó sì lè gbé ènìyàn fún ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n èlé rẹ̀ ni gbígbóná tí itan ń gbóná àti wíwúwo tí ẹsẹ̀ ń wúwo. Ẹ̀kẹta ni èrè oko. Afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú ni ó ń mú un jáde, ẹ̀jẹ̀ sì ni alárù tí ń rù ú lọ sí ibi gbogbo nínú ara. Èrè oko kì í yára dé, ṣùgbọ́n kì í tètè tán.

Nígbà tí ènìyàn bá dúró láti sinmi, èrè oko ni ó ń fi dí àpò rẹ̀, òun kan náà ni ó sì fi ń san gbèsè rẹ̀. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, bí ìdajì owó àpò ti padà. Ṣùgbọ́n kí gbogbo rẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, yóò tó ìṣẹ́jú 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá fún ọmọ ní ìsinmi ìṣẹ́jú àáyá 10, tí ó sì tún ní kí ó sáré bí ti àkọ́kọ́, ohun tí kò sí lápò ọmọ náà ni ó ń béèrè. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Àpò rẹ̀ ni ó ṣófo.

Nínú èyí ni a ti rí i pé gígùn ìsinmi ni ó ń sọ irú ẹ̀kọ́ tí ara ń kọ́. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ yára, ìsinmi gbọ́dọ̀ gùn, kí ó lè máa fi àpò kíkún bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà gbogbo. Bí a bá fẹ́ kí ó lè fara dà á pẹ́, ìsinmi lè kúrú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ rọ̀ ju ti eré àsápajúdé lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ le gan-an, kí ìsinmi sì kúrú gan-an, kí ó mọ̀ pé àwọn tí wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu eré nìkan ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tọ́ sí.

III. BÍ Ọ̀NÀ YÌÍ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní ilẹ̀ Jámánì, ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé 1930, olùkọ́ eré ìje kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Woldemar Gerschler. Òun àti oníṣègùn ọkàn kan, Herbert Reindell, wádìí bí ọkàn ènìyàn ti ń lù nígbà tí ó bá sáré àti nígbà tí ó bá dúró. Òfin tí wọ́n ti inú ìwádìí náà gbé kalẹ̀ kò ṣòro. Kí eléré sáré títí ọkàn rẹ̀ yóò fi máa lù ní nǹkan bí ìgbà 180 ní ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà kí ó sinmi títí yóò fi lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 120. Bí ó bá dé ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 90, kí ó tún sáré. Bí kò bá dé ibẹ̀, iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù fún un, kí a dín in kù tàbí kí a dáwọ́ rẹ̀ dúró. Àwọn méjèèjì gbà pé nínú àkókò ìsinmi náà gan-an ni ọkàn ti ń gba okun. Ọmọ ẹ̀kọ́ Gerschler, Rudolf Harbig, sá mítà 800 ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 46.6 ní ìlú Milan ní ọdún 1939. Kò sí ẹni tí ó lè yára jù ú lọ nínú eré ìje náà títí di ọdún 1955.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Emil Zátopek, ọmọ ilẹ̀ Czechoslovakia, dìde. Òun a máa sá mítà 400 lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà ní ọjọ́ kan, a sì máa fi eré pẹ̀lẹ́ mítà 200 ṣe ìsinmi láàárín wọn. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti ìlú Helsinki ní ọdún 1952, ó gba ipò kìíní nínú eré mítà 5,000, nínú ti mítà 10,000, àti nínú eré ọ̀nà jíjìn máratọ́ọ̀nù tí kò tilẹ̀ sá rí kí ó tó di ọjọ́ náà.

Ìtàn Roger Bannister, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ni ó wọ̀ mí lọ́kàn jù. Òun a máa sá ìdá mẹ́rin máìlì ní ìgbà 10, a sì máa sinmi fún ìṣẹ́jú 2 láàárín wọn. Ó fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn má ju ìṣẹ́jú àáyá 60 lọ, ṣùgbọ́n 61 ni ó ń bá a, bí ó ti wù kí ó làkàkà tó. Kí ni ó wá ṣe? Kò fi kún iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi eré sísá sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì lọ gun òkè ní Scotland. Nígbà tí ó padà dé, ó sá a ní 59. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1954, ní ìlú Oxford, ó sá máìlì kan ní ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 59.4, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí a kọ sílẹ̀ pé ó sá máìlì kan láàárín ohun tí kò pé ìṣẹ́jú 4. Àgbò ti tàdí mẹ́yìn, agbára ni ó lọ mú wá.

Ọdún kan ṣáájú èyí, ní 1953, ní yunifásítì ìlú Leeds, àwọn olùkọ́ méjì, Morgan àti Adamson, ronú ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ yóò fi lè ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú gbọ̀ngàn kan láàárín àkókò kúkúrú. Wọ́n to oríṣiríṣi iṣẹ́ yí gbọ̀ngàn náà ká, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa lọ láti ibùdó kan sí èkejì. Ọ̀nà yìí wúlò fún àwa tí a ń kọ́ kíláàsì ńlá, mo sì máa padà sórí rẹ̀ láìpẹ́.

Ní ọdún 1996, ọ̀mọ̀wé Izumi Tabata àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Japan tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fi gbogbo agbára wa kẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20, tí wọ́n sinmi fún 10, tí wọ́n sì tún un ṣe ní ìgbà 7 tàbí 8. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6, agbára ìfaradà wọn àti agbára iṣẹ́ kánkán wọn pọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ ìròyìn yìí, wọ́n sì ń fi í lé àwọn ọmọ kékeré lórí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ̀nyí ń kọ́ ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ní yunifásítì, ara wọn ti mọ̀ ọ́n lára kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wù àgbà ni, kò bá ọmọdé mu.

IV. BÍ A Ó TI ṢE ÈTÒ RẸ̀ FÚN KÍLÁÀSÌ

Fún eré àsáyára, kí ọmọ sáré fún ìṣẹ́jú àáyá 6, kí ó sì rìn padà kí ó sinmi títí ìṣẹ́jú kan yóò fi pé, ní ìgbà 5 tàbí 6. Fún iṣẹ́ tí ó le níwọ̀n, kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kí ó sinmi fún 40, ní ìgbà 6. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 6. Fún ìfaradà àwọn tí wọ́n ti dàgbà, kí wọn sáré pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú 3, kí wọn rìn fún ìṣẹ́jú 3, ní ìgbà 3. Ẹ kíyè sí i pé bí iṣẹ́ ti ń le sí i ni ìsinmi ń gùn sí i ju iṣẹ́ lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ro ti ìyípo ibùdó, irú èyí tí a bẹ̀rẹ̀ ní Leeds. Kíláàsì ní ọmọ 40. A ó ṣe ibùdó 8, ọmọ 5 ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Ní ibùdó kìíní wọn yóò máa fo okùn. Ní èkejì wọn yóò dojú bolẹ̀, wọn yóò sì máa fi apá ti ara sókè. Ní ẹ̀kẹta wọn yóò máa gun pèpéle, wọn yóò sì máa sọ̀. Ní ẹ̀kẹrin wọn yóò máa ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, wọn yóò sì máa hán an. Ní ẹ̀karùn-ún wọn yóò máa sáré lọ sáré bọ̀ láàárín òkúta méjì. Ní ẹ̀kẹfà wọn yóò fẹ̀yìn lélẹ̀, wọn yóò sì máa gbé orí àti èjìká sókè. Ní èkeje wọn yóò máa fi ẹsẹ̀ darí bọ́ọ̀lù gba àárín àwọn òkúta kéékèèké kọjá. Ní ẹ̀kẹjọ wọn yóò dúró lórí ẹsẹ̀ kan, lẹ́yìn náà lórí èkejì. Ẹ ó rí i pé n kò jẹ́ kí iṣẹ́ ẹsẹ̀ líle méjì tẹ̀ lé ara wọn, nítorí nígbà tí apá bá ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ń sinmi.

Kí wọn ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí wọn fi 30 mìíràn sinmi, kí wọn sì rìn lọ sí ibùdó tí ó kàn. Ìyípo kan yóò gba ìṣẹ́jú 8. Ìyípo méjì pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 2 láàárín wọn jẹ́ ìṣẹ́jú 18. Bí a bá fi ìṣẹ́jú 6 ṣáájú láti mú ara gbóná, ìṣẹ́jú 2 fún àlàyé, àti ìṣẹ́jú 4 ní ìparí láti mú ara balẹ̀, ẹ̀kọ́ ìdajì wákàtí ti pé.

Bí ohun èlò kò bá tó ńkọ́? Kí a pín àwọn ọmọ ní méjì-méjì. Ọ̀kan yóò ṣiṣẹ́, èkejì yóò sinmi, yóò sì máa ka iye tí ẹnì kejì rẹ̀ ṣe. Nígbà tí fèrè bá dún, wọn yóò pààrọ̀. Báyìí, ìdajì bọ́ọ̀lù àti ìdajì okùn tó gbogbo kíláàsì. Bí aago kò bá sí, kí àwọn tí ń sinmi máa ka ení, èjì, ẹ̀ta pọ̀ ní ohùn kan dé ọgbọ̀n. Kíkà wọn kò ní péye bí aago, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a má wọn nǹkan kan lọ.

Nígbà tí ara àwọn ọmọ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ fi kún un, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá fi kún iye ìgbà ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ má ṣe dín ìsinmi kù ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ẹ má sì fi ọjọ́ iṣẹ́ líle méjì tẹ̀ lé ara wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

V. ÒFIN TI ÌMỌ̀ỌṢE YÀTỌ̀

Ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí a sábà máa ń dà pọ̀. Fífún ara ní okun jẹ́ ọ̀kan. Kíkọ́ ara ní ìmọ̀ọṣe jẹ́ òmíràn. Ẹni tí ń wá okun lè ṣiṣẹ́ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọ́ bí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù sí ibi tí ó fẹ́, ohun tí ó bá ń ṣe nígbà tí ó ti rẹ̀ ẹ́ ni ara rẹ̀ yóò kọ́. Bí ó bá ń ṣe é ní wíwọ́, wíwọ́ ni yóò mọ̀. Nítorí náà, kí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ọṣe ṣáájú iṣẹ́ agbára ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ ṣe méjèèjì, kí ìsinmi rẹ̀ sì tó láti jẹ́ kí ojú àti ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí a bá rí i pé ọwọ́ ọmọ ti ń bàjẹ́, kí a dáwọ́ dúró, àkókò ìbáà má tí ì pé.

Ìwádìí méjì ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. Ní ọdún 1978, Baddeley àti Longman, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ bí a ti ń tẹ̀wé lórí ẹ̀rọ. Àwọn kan ń kọ́ ọ fún wákàtí kan lóòjọ́. Àwọn kan ń kọ́ ọ fún wákàtí méjì ní ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Nígbà tí a ka wákàtí tí olúkúlùkù lò, àwọn oníwákàtí kan ni wọ́n fi wákàtí tí ó kéré mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn gan-an ni inú wọn kò dùn sí ọ̀nà náà tó ti àwọn yòókù, nítorí ọjọ́ tí wọ́n lò pọ̀. Ẹ ò rí i pé inú akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà sọ òtítọ́ fún un nípa ọ̀nà tí ó dára jù!

Ní ọdún 1979, Shea àti Morgan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ́ àwọn ènìyàn ní oríṣi ìṣọwọ́ mẹ́ta. Àwọn kan ṣe oríṣi kìíní tán kí wọ́n tó bọ́ sí èkejì. Àwọn kan ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àdàlù. Nígbà ìkẹ́kọ̀ọ́, àwọn ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ń yára jù. Nígbà tí a tún dán wọn wò lẹ́yìn ọjọ́ 10, àwọn aládàlù ni wọ́n rántí jù. Ẹ̀kọ́ tí ó dàbí ẹni pé ó ń rọrùn kì í ṣe èyí tí ó ń wọlé jù.

Láti inú ìwádìí wọ̀nyí ni mo ti ṣe ètò ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù kan fún ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 6 tí a fi mú ara gbóná, a ó mú ìmọ̀ọṣe mẹ́ta: gbígbá bọ́ọ̀lù sí ẹnì kejì, dídá a dúró lẹ́sẹ̀, àti dídarí rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 40 fún iṣẹ́ àti 20 fún ìsinmi ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò gba ìṣẹ́jú 3. A ó ṣe é ní ìgbà 4, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú kan láàárín wọn. Ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú 5 fún ìdíje kékeré, àti 4 fún ìmárabalẹ̀. Nínú ìsinmi, kí olùkọ́ sọ ohun kan ṣoṣo fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá sọ mẹ́ta, ọmọ náà kì yóò gbé ọ̀kan lọ.

VI. OHUN TÍ Ó LÉWU

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, àwọn baba wa kò lo aago, wọ́n sì lágbára jù wá lọ. Òtítọ́ ni pé wọn kò lo aago, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń fọn fèrè lé wọn lórí. Olúkúlùkù ni ó ń gbọ́ ti ara rẹ̀, a sì dúró nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Ọmọ ilé-ìwé kò ní àǹfààní yẹn, nítorí ó ń bẹ̀rù olùkọ́. Ní ọwọ́ ẹni tí ó gba agbára ìdúró lọ́wọ́ ọmọ ni ó yẹ kí aago wà.

Nítorí náà, kí ó tó di ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí àti lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì, kí ẹ sì mọ ọmọ tí àìsàn ń bẹ lára rẹ̀. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà wa, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó ru àmì fòníkú-fọ̀la-dìde nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láìṣàìsàn. Nínú kíláàsì ọmọ 40, ó lè tó 10. Àwọn yìí lè ṣeré, ṣùgbọ́n kí a má ṣe tì wọ́n kọjá agbára wọn nínú oòrùn, kí omi má sì wọ́n wọn. Àwọn tí àìsàn náà gan-an wà lára wọn, ọ̀rọ̀ dókítà àti ti òbí wọn ni òfin. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ọmọ tí àyà rẹ̀ máa ń há, tí èémí rẹ̀ ń dún fée.

Ẹ lo òwúrọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́, ẹ má lo ọ̀sán gangan. Kí omi wà nítòsí, kí ọmọ sì lè mu ún láìtọrọ àyè. Bí òòyì bá ń kọ́ ọmọ, bí orí tàbí àyà bá ń dùn ún, bí ó bá ń bì, tàbí bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá já gaara, iṣẹ́ ti parí fún un. Kí a gbé e lọ sí ibòji, kí a da omi sí i lára, kí a máa fẹ́ ẹ, kí a sì tètè ránṣẹ́ sí ilé-ìwòsàn. Ẹ má sì fi eré sísá ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀, nítorí ọmọ tí a fi eré jẹ níyà lónìí, yóò kórìíra eré lọ́la.

Kí ni a ó fi mọ̀ pé ìsinmi ti tó? Ọ̀nà kan tí mo ń lò nìyí: kí ọmọ dárúkọ ara rẹ̀, orúkọ baba rẹ̀ àti ti ìlú rẹ̀ ní èémí kan. Bí ó bá mí hẹlẹ láàárín wọn, kò tí ì tó. Ẹni tí èémí rẹ̀ padà kẹ́yìn ni a ó sì dúró dè, kì í ṣe ẹni tí tirẹ̀ kọ́kọ́ padà.

VII. ÌPARÍ

Ní ọjọ́ karùn-ún, ọmọkùnrin náà padà wá. Níṣojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ti pè é ní ọ̀lẹ, nítorí náà níṣojú wọn ni mo ti bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ sọ ohun tí ó lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe, mo fi í sí ibùdó jíjù àti híhán bọ́ọ̀lù. Ìṣẹ́jú àáyá 15 ni tirẹ̀, ìsinmi rẹ̀ kò sì ní iye. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ fún mi nígbà tí ó tó. Kí n tó kúrò níbẹ̀, ó ti lè fi ọwọ́ kan hán bọ́ọ̀lù, ohun tí púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n yára jù ú lọ kò lè ṣe.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láìpẹ́ a ó tú ká lọ sí ìlú àti abúlé, a ó sì gba àwọn ọmọ tí a kò bí sọ́wọ́. Olúkúlùkù wa yóò ní fèrè. Nígbà tí ẹ bá fi í sẹ́nu, ẹ rántí ìbéèrè tí olùkọ́ àgbà nì bi mí, kí ẹ sì rí i pé ẹ ní èsì rẹ̀: ta ni ó ka ìsinmi wọn?